Àwòrán Ọjọ́ Ìbí

Ọjọ́ ìbí méjì ni Ọláìtán ní. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i, èyí tí bàbá rẹ̀ kọ sẹ́yìn Bíbélì. Èkejì ni èyí tó lọ búra fún ní kóòtù nígbà tó ń wá iṣẹ́ ìjọba, tó fi gé ọdún márùn-ún dànù lára ọjọ́ orí rẹ̀, tó sì mú oṣù tó wù ú. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Tí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà dìde, ìjókòó tó máa ṣófo á pọ̀. Ọjọ́ ìbí kóòtù yìí ló fún un níṣẹ́ ìjọba tó gbé e dé ìlú Benin, òun náà ló sì jẹ́ kó ṣì máa lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Adébùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Fikáyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò mọ̀.

Ìmọ̀ ìṣirò ni Fikáyọ̀ ń kọ́ ní yunifásítì, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde sì ti ń bá a fínra láti kékeré. Ní ọjọ́ tí eegun bá ń ro ó tí kò lè jáde, orí ibùsùn ló máa ń jókòó sí, tí á gbé kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀, tí á máa fi ìṣirò ya àwòrán. Ọláìtán kọ́kọ́ rò pé eré lásán ni, àfìgbà tí ọmọ náà pè é jókòó tó sì ṣàlàyé fún un. Gbogbo àmì bíńtín tó para pọ̀ di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èèyàn á mú nọ́ńbà náà, á fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, á fi nọ́ńbà kan kún un, á sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tó bá jáde, láìsinmi. Àwọn kan á máa tóbi sí i títí wọn á fi sá lọ pátápátá. Àwọn mìíràn ò ní kúrò nítòsí. Èyí tó bá dúró, Fikáyọ̀ á kùn ún ní dúdú. Èyí tó bá sá lọ, á kùn ún ní àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ wúrà, bó bá ṣe yára sá tó. Ohun tó máa ń jáde níbẹ̀ a máa ya Ọláìtán lẹ́nu. Etí àwòrán náà á ká kò bí ìkarahun ìgbín, tí wọ́n bá sì sún mọ́ ọn, ìgbín kékeré mìíràn á tún wà lára ìgbín.

Lọ́jọ́ kan, Fikáyọ̀ ní òun máa fi ọjọ́ ìbí àwọn ará ilé ya àwòrán. Ọjọ́, oṣù àti ọdún ló pa pọ̀ di nọ́ńbà tí á máa fi kún un. Ti ìyá rẹ̀ jáde ní odindi, gbogbo dúdú rẹ̀ so mọ́ra. Ti bàbá náà jáde ní odindi, ó tilẹ̀ lẹ́wà ju ti ìyá lọ. Ṣùgbọ́n ti Fikáyọ̀ fúnra rẹ̀ fọ́n ká bí eruku, kò sí ẹyọ kan tó kan èkejì. Ó ní bí ìṣirò náà ṣe rí nìyẹn: nọ́ńbà kan á so pọ̀, òmíràn á tú ká, kò sí àárín.

“Daddy, see, na only my own scatter,” ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. “You and Mummy dey kampe.”

Ọláìtán bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ìbí kóòtù ni ọmọ náà fi ya tòun. Ó yẹ kó sọ ọ́, àmọ́ Fikáyọ̀ a máa kọ ọjọ́ ìbí sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, á sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé wò. Wọ́n ti lé ẹnìkan lọ́fíìsì wọn torí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó pa ẹnu mọ́. Ọmọ náà fi àwòrán bàbá rẹ̀ sínú fírẹ́mù, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ wọn ní àdúgbò Ugbor, gbogbo àlejò tó bá sì wọlé ló ń fi hàn.

Nígbà òjò, àìsàn náà dé, kò sì dé bó ṣe máa ń dé. Ní ọsibítù, Fikáyọ̀ dùbúlẹ̀, omi ń kán wọ iṣan rẹ̀, ó ń wo àjà.

“Daddy, I dey think that picture. Why na only me scatter?”

“Ìṣirò lásán ni. Má jẹ́ kó dà ẹ́ láàmú.”

“I know say na maths. I just no like say I dey alone there.”

Ọláìtán la ẹnu láti sọ òtítọ́ fún un. Nọ́ọ̀sì kan dúró nítòsí, àwọn tó wá kí aláìsàn sì kún yàrá náà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé tí àwọn bá délé, òun á sọ fún un. Fikáyọ̀ kò délé mọ́.

Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Wọ́n ti máa ń sọ ọ́ létí Ọláìtán látìgbà tó ti wà lọ́mọdé, kò mọ bó ṣe wúwo tó àfi lọ́jọ́ náà. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ lọ sí sàárè, nítorí náà Bàbá Àkàndé, olórí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá, ti àdúgbò Ogbe wá pẹ̀lú àwọn àgbà mìíràn, wọ́n gbé Fikáyọ̀ lọ sin, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún bàbá tàbí ìyá. Kí wọ́n tó dé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé kí ojú òbí má baà máa rí i. Wọ́n kó aṣọ, wọ́n kó bàtà, wọ́n kó kọ̀ǹpútà. Wọ́n tilẹ̀ yọ fírẹ́mù pálọ̀. Ire ni wọ́n rò. Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri, òun ni Ọláìtán sì ń wò láràárọ̀ tó bá ń mu tíì.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, Èyítọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ Fikáyọ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, wá kí wọn. Ó kúnlẹ̀, ó sọ pé ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò àwọn ní yunifásítì fẹ́ pàtẹ àwọn àwòrán Fikáyọ̀, ó sì ṣí kọ̀ǹpútà tó gbé wá.

“Tirẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, sà. Ó fi í ránṣẹ́ sí mi. Tiyín àti ti Mummy ló bá kọ̀ǹpútà lọ, kò tíì gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àìsàn tó dé. Àmọ́ fọ́múlà rẹ̀ wà níbí. Tí ẹ bá sọ ọjọ́ ìbí yín fún mi, àwòrán yẹn gan-an ló máa jáde.”

Adébùkọ́lá sọ tirẹ̀. Àwòrán rẹ̀ jáde lódindi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì fi ìborùn nu ojú. Èyítọ́pẹ́ wá kọjú sí Ọláìtán.

“Ṣé ẹ máa kọ ọjọ́ náà sábẹ́ rẹ̀?” Ọláìtán bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Bí Fikáyọ̀ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

Ọláìtán wo ìṣó ara ògiri. Ó wá sọ èyí tó wà lẹ́yìn Bíbélì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 1960. Adébùkọ́lá gbójú sókè.

Èyítọ́pẹ́ tẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti òkè, díẹ̀díẹ̀, aró, wúrà, aró. Ọláìtán ń wá dúdú tó so pọ̀, kò rí i. Eruku ló rí.

Èyítọ́pẹ́ fajú ro. “Mo rántí pé tiyín so pọ̀, sà. Ó dà bíi pé mo ṣì í tẹ̀.”

“O ò ṣì í tẹ̀. Èyí tí mo sọ fún Fikáyọ̀ ni kì í ṣe tèmi.” “Gbé tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí n rí i.”

Ọmọbìnrin náà gbé e síbẹ̀. Eruku méjì wà lójú kan náà, ti bàbá àti ti ọmọ. Ọláìtán kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Kọ ọjọ́ náà sábẹ́ rẹ̀ bó ṣe wà gan-an,” ó ní.

“Bàbá Fikáyọ̀,” ìyàwó rẹ̀ pè é. “Iṣẹ́ yín ńkọ́?”

“Ta ni mò ń ṣe é fún?”

Adébùkọ́lá wá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọláìtán fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò mọ apá ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí náà kọ̀ǹpútà ló kọjú sí.

“Ìwọ nìkan kọ́,” ó ní. “Látilẹ̀, ìwọ nìkan kọ́.”