Èló Ni Ẹ̀rọ Ìránṣọ Bàbá Wa?

Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nìkan ni ogún tó fi sílẹ̀. Èmi ni mo ti ń fi í ránṣọ jẹun láti ìgbà tí ojú Bàbá ti di bàìbàì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta ọkọ̀ àlòkù, kò mọ ibi tí wọ́n ń ki òwú bọ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ tòun. Ó ní kí n san owó ìdajì náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á ta ẹ̀rọ náà ká pín owó. Mo ní kò burú, èló ni ká pè é? Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ bi Màmá léèrè iye tí Bàbá rà á. Màmá dárúkọ owó kan tí kò lè ra bọ́tìnì lónìí. Ojú ẹ̀gbọ́n mi rẹ̀wẹ̀sì. Màmá wá fi kún un pé nígbà náà, owó yẹn lè ra ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan. Kíá lojú ẹ̀gbọ́n mi là. Ó ní a jẹ́ pé owó pulọ́ọ̀tì kan ti òde òní ni ẹ̀rọ náà, kí n lọ wá ìdajì rẹ̀ wá. Mo ní ó dáa, ká fi ìṣirò yìí kan náà wo owó ilé-ìwé tí Bàbá fi ẹ̀rọ náà san fún un, ká sì yọ ọ́ nínú ìpín rẹ̀. Ó ní ìyẹn yàtọ̀, ìfẹ́ òbí nìyẹn. Ẹ ò rí nǹkan? Gbogbo nǹkan ló ń gbówó lórí láyé, àfi ìfẹ́ òbí.

Ó wá lọ pe obìnrin kan tó ń ta ohun àtijọ́ fún àwọn olówó. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà bíi dókítà. Ó yin kẹ̀kẹ́ kékeré tí à ń fọwọ́ yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá ti jẹ ọ̀dà lọ títí irin fi ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ìyẹn, iye owó nìkan ló gbọ́. Iye náà pọ̀ débi pé bí mo bá ránṣọ fún ọdún kan gbáko tí n kò jẹun, n kò lè rí ìdajì rẹ̀. Obìnrin náà ní òun á kó owó wá ní ìparí ọ̀sẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Télọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ, kí ló fẹ́ máa ṣe?

Owó yẹn kò sì tó ẹ̀gbọ́n mi. Nídìí iṣẹ́ tiwọn, kò sẹ́ni tó ń gbé ọkọ̀ wá síwájú oníbàárà láì kọ́kọ́ fi ọ̀dà kùn ún. Mo lọ gbé aṣọ fún oníbàárà nílé rẹ̀, kí n tó dé, ó ti gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́dà rẹ̀. Pupa fòò ló gbé e padà, àti orí àti kẹ̀kẹ́.

Obìnrin náà dé, ó wò ó, ó bi wá pé ta ló ṣe èyí.

“Èmi ni, mà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán?”

“Ohun àtijọ́ ni mo wá rà. Ẹ ti sọ ọ́ di tuntun. Ẹ lọ pe onírin àlòkù.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Onírin àlòkù gbé ẹ̀rọ lé òṣùwọ̀n, ó pe iye kílò rẹ̀, ó tún yọ ti pákó ìdí rẹ̀ kúrò, ó ní igi kì í ṣe irin. Iye tó pè yẹn la gbà, níṣojú Màmá ni mo sì ti yọ ìdajì owó náà láti inú pọ́ọ̀sì mi. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó tún un kà, bí ẹni pé ó lè bímọ. Owó ọlọ́dà rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde. Mo wá jókòó kí n ránṣọ, mo gbé ọwọ́ lé kẹ̀kẹ́, ó ń yọ̀. Ọwọ́ mi ń wá ojú ibi tí ọwọ́ Bàbá jẹ, ọ̀dà ló bá níbẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Nínú gbogbo àwọn tó pe iye fún ẹ̀rọ yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí pé èló ni mo lè san lórí ibẹ̀ yẹn nìkan. Ó dùn mí wọra.

Ọ̀dà náà ti ń ṣí níbẹ̀ báyìí. Èmi náà ń fi àtẹ́lẹwọ́ ràn án lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi gbé ṣòkòtò wá kí n bá òun gé e, ó rí i, ó mi orí.

“Àbúrò mi, ọ̀dà yìí ti ń bó o. Jẹ́ kí n gbé e lọ kí wọ́n tún un kùn. Mi ò ní gbowó lọ́wọ́ ẹ.”

Mo fi ọwọ́ bo ibẹ̀, mo ní kó san owó ṣòkòtò rẹ̀, kó máa lọ.