Àna Mi Lójú Fèrèsé, Onídán Lórí Ẹní

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó ń bó ẹ̀pà kó máa bó o lọ, kó ṣáà jẹ́ kí etí òun ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ kúrò nídìí ewúrẹ́ yẹn, ẹ wá jókòó. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, iná wà nínú rẹ̀, idà wà nínú rẹ̀, bàbá arúgbó onídán kan sì wà nínú rẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, tó gùn dé orúnkún.

Bàbá arúgbó onídán yẹn, èmi ni.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán, ẹ̀rín ṣì ń bọ̀ níwájú.

Nantume, ọmọ ọmọ mi, ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ yìí fẹ́ràn gémù orí tẹlifíṣọ̀n ju oúnjẹ lọ. Nínú èyí tó fẹ́ràn jù, ìlú olódi wà, igbó wà, abàmì ẹranko wà, kálukú á sì mú ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ níbẹ̀: jagunjagun, tafàtafà, tàbí onídán. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi páàdì tí wọ́n fi ń ta gémù lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Jájà, ẹ̀yin ẹ jẹ́ onídán.” Jájà ni wọ́n ń pe ìyá àgbà lọ́dọ̀ wa.

Mo ní, “Ta ló rán ẹ sí mi? Èmi tí mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, kí n wá di oṣó lọ́jọ́ alẹ́ mi?”

“Jájà, onídán yìí máa ń wo èèyàn sàn ni.”

“Áà, ìyẹn yàtọ̀. Gbé e wá.”

Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, kí n tó ka lẹ́tà àkọ́kọ́, ó ti lọ. Àmọ́ àwòrán wà lára bọ́tìnnì páàdì: ọ̀kan rí bí àgbélébùú, ọ̀kan rí roboto, ọ̀kan ní igun mẹ́ta bí òrùlé ahéré, ọ̀kan rí bí àpótí. Mo bá fi wọ́n kọ orin, torí ohun tí mo bá ti fi kọ orin kì í sọnù mọ́ mi lọ́wọ́:

*Àgbélébùú ló ń da iná,*
*Iná o, iná!*
*Roboto ló ń wo ọgbẹ́,*
*Ọgbẹ́ o, sàn!*
*Òrùlé ahéré la fi ń fò,*
*Fò sókè, ẹyẹ!*
*Àpótí ló ń rọ oògùn sígò,*
*Gbé e kalẹ̀, máa lọ!*

Nantume rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó. “Jájà, ẹ yọ àpótí kúrò nínú orin yẹn. Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ìgò yẹn máa ń pẹ́ kó tó kún, bí ẹ bá sì gbé e sílẹ̀, ọ̀tá lè wá gbé e mu.”

Mo ní, “Bí mo bá yọ ọ̀kan, orin mi á máa tiro. Fi í sílẹ̀.”

Nígbà tó di Kérésì, Kalule tó ni yàrá gémù ní ọjà Kyamuwanga wa pe ìdíje. Ìdílé sí ìdílé ni, ìran mẹ́ta pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan: àgbà kan, òbí kan, ọmọ kan. Àwọn tó bá borí ni yóò lọ bá àwọn ti Kampala díje. Àwọn tó bá sì pàdánù níkẹyìn, àwọn ni yóò dáná fún gbogbo wa.

Oúnjẹ kọ́ ni Nantume ń wò o. Kampala ni. Lọ́dún tó ṣáájú, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sún mọ́ ọn, wọ́n pàdánù torí pé wọn ò ní onídán tó lè wo èèyàn sàn. Ó sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú. Lẹ́yìn Kérésì yìí ló sì ń lọ sí ilé ìwé kan tó jìnnà, níbi tí wọn kì í fojú kan gémù. Bí kò bá dé Kampala lọ́tẹ̀ yìí, ó di àlá nìyẹn.

A ja àjàborí títí ó fi ku ìdílé wa àti ìdílé Katende, ará Lusozi. Nabatanzi ọmọ mi ni jagunjagun wa, Nantume ọmọ rẹ̀ ni tafàtafà, èmi sì ni irùngbọ̀n. A ti ṣe é, ó ti mọ́ wa lára. Àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ ìjà ìkẹyìn ṣe mọ́, tí Nabatanzi lọ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ń wé mátókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè wa. Agbọ́n wà lábẹ́ ewé, ó ta á lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa délé, ọwọ́ rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n fi ìwúkàrà sí jù.

“Màmá, mi ò lè di páàdì mú.”

“Ta ló tún kù tó mọ̀ ọ́n?”

Gbogbo wa mọ ẹni tó kù. Sendawula ni, bàbá Nantume, ọkọ Nabatanzi. Ọ̀kadà ló ń gùn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló sì ń bá ọmọ rẹ̀ ta gémù. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ àna mi ni!

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ mi, èmi àti ọkùnrin yẹn kò jókòó sórí ẹní kan rí. Bí mo bá rí i lọ́nà, inú oko kọfí ni mò ń yà sí. Bó bá fẹ́ kí mi, ẹ̀yìn ògiri ló ti ń kí mi. Ní Buganda tiwa, ìyá ìyàwó kì í fara kan ọkọ ọmọ. Ẹni tó bá dán an wò, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n ni. Mo mọ ọkùnrin kan nígbà tí mo wà lọ́mọge, ó gbọ̀n débi pé kò lè gbé ife dé ẹnu.

Nantume kúnlẹ̀. “Jájà, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá á dúró síta.”

“Ìta ibo?”

“Lójú fèrèsé, lẹ́yìn yín. Páàdì náà kò ní okùn. Wọ́n á máa wo tẹlifíṣọ̀n láti òkè orí yín, ẹ ò sì ní rí wọn.”

“Kó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bojú.”

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. “Nantume, sọ fún Màmá pé mo ti já méjì.”

“Sọ fún un pé mo gbọ́.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ o. Mo tẹ́ ẹní mi síwájú tẹlifíṣọ̀n, Nantume jókòó tì mí. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá méjì dúró lójú fèrèsé, páàdì yọ imú láàárín wọn. Èrò kún yàrá fọ́fọ́. Katende, arúgbó tí òun náà jẹ́ onídán nínú ẹgbẹ́ tiwọn, wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Ìyá Onírùngbọ̀n, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ẹ ti fọ ìkòkò sílẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ń dáná lónìí.”

Mo ní, “Katende, eyín mélòó ló kù lẹ́nu yín tí ẹ fi ń retí ẹran?”

Kalule pàtẹ́wọ́, ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kú ti kú nìyẹn, ẹgbẹ́ tó bá kù lórí ìdúró ló borí. Sendawula bọ́ síwájú pẹ̀lú asà rẹ̀. Ọmọ Katende gbé àáké dìde, ó là á mọ́ ọn, ó tún là á mọ́ ọn. Ìlà pupa kan wà lórí kálukú, ẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn. Ti Sendawula bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú bí àbẹ́là nínú afẹ́fẹ́.

“Jájà! Bàbá ń kú lọ! Ẹ lọ wò wọ́n sàn!”

Mo sáré. Irùngbọ̀n mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo na ọwọ́, torí pé àfi kí onídán gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èèyàn láyà kí ìwòsàn tó lè wọlé. Orin ti dé ẹnu mi, “Roboto ló ń wo...” Ìgbà náà ni mo rántí ẹni tó ni àyà yẹn.

Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo yàrá ké yéè!

“Jájà, kí lẹ ń dúró dè?”

“Àyà ta nìyẹn?”

“Àyà jagunjagun ni!”

“Ta ló ń tẹ bọ́tìnnì jagunjagun?”

Kalule ní, “Ẹ̀yin Màmá náà! Ọwọ́ inú tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ọwọ́.”

Nakku, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, “Pa ẹnu ẹ dé! Lánàá tí iná jó onídán ọ̀rẹ́ mi yìí lẹ́sẹ̀, ta ló pariwo pé ‘yéè, ẹsẹ̀ mi’? Ṣé tẹlifíṣọ̀n ni?”

Òótọ́ ló sọ. Bí ìrora bá jẹ́ tèmi, ọwọ́ náà tèmi ni.

Ewé mì lójú fèrèsé. “Nantume, sọ fún Màmá kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí o! Ó sàn kí n kú!” Jagunjagun rẹ̀ wọ́ lọ sápá kan pápá, ó ń tiro, ìlà pupa rẹ̀ kò ju eékánná lọ mọ́.

Katende bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbé omi kaná! Ẹ gbé omi kaná!”

Mo wo Nantume. Kò pariwo mọ́. Òun nìkan ló dojú kọ àwọn mẹ́ta, ó ń ta ọfà, ó ń ta ọfà, omi sì ti dé ojú rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Mo wá bi ara mi pé, láti ọjọ́ yìí wá, báwo ni mo ti ń bọ́ ọkùnrin yìí? Ṣé ebi ti pa á kúrò nílé mi rí? Rárá o. Mo máa ń sè é, mo máa ń fi ewé wé e, mo máa ń gbé e sí ẹnu ọ̀nà, màá kẹ̀yìn. Òun á wúkọ́, á gbé e. Ọwọ́ wa kò pàdé rí, oúnjẹ sì ń dé.

Mo tẹ àpótí.

“Jájà, kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń dáná. Má jẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi.”

Ìgò náà ń kún díẹ̀díẹ̀ bí omi orísun nígbà ọ̀dá. Ọfà Nantume ń fò lórí mi. Nígbà tó kún, mo gbé e sẹ́yìn òkúta mẹ́ta kan tó rí bí ààrò, mo kẹ̀yìn sí i, mo ń rìn lọ jẹ́jẹ́, mo gbórin sókè:

*Ẹ̀yìn ààrò ni mo gbé e sí o,*
*Mi ò bá ẹnì kan wí.*
*Ẹni ebi ń pa ló mọ̀nà ilé,*
*Mo ti kẹ̀yìn, mi ò rí.*

Àwọn ará Lusozi kò kà á sí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọrin, ọmọ ọmọ Katende tilẹ̀ ń mi orí sí i. Àmọ́ lójú fèrèsé, ẹnì kan wúkọ́. Ikọ́ ẹnu ọ̀nà mi ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn ewúrẹ́ mi.

Ọmọ Katende rí i pé onídán wa ti kẹ̀yìn, ó ń lọ bí ẹni ń lọ sódò. Ó gbé àáké lé èjìká, ó ń lọ sẹ́yìn òkúta níbi tí Sendawula wọ́ sí, lọ parí iṣẹ́. Kò mọ̀ pé ọkùnrin ti mu oògùn inú ìgò tán. Sendawula dìde lójijì bí ìyá adìyẹ tó rí àwòdì, ìlà pupa rẹ̀ kún dé etí! Idà kan, ọmọ Katende ti wà nílẹ̀. Ọfà Nantume wá ọmọ ọmọ Katende rí níbi tó ti ń mi orí sí orin mi. Ó ku Katende nìkan, onídán sí onídán, arúgbó sí arúgbó.

Mo dìde lórí ẹní. *Àgbélébùú ló ń da iná!* Gbogbo yàrá gbè é: *Iná o, iná!*

“Yéè, irùngbọ̀n mi!” Katende fi ọwọ́ méjèèjì bo àgbọ̀n ara rẹ̀, àgbọ̀n tó fá láàárọ̀.

Mo ní, “Kalule, ṣé o gbọ́? O ní ọwọ́ inú tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ọwọ́.”

Ẹ̀rín pa Kalule títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nantume fò mọ́ mi lọ́rùn, ó ń ké “Kampala! Kampala!” títí etí mi fi dí. Lójú fèrèsé, ewé méjèèjì ń jó lókè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹni tó ń sáré wọ inú ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó ń kígbe, “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ o, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi!”

Katende kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìdílé rẹ̀ dáná, wọ́n dáná dáadáa. Mátókè ń fẹ́ èéfín nínú ewé, ọbẹ̀ ẹ̀pà nípọn, adìyẹ pọ̀ bí ẹni ń ṣe ìgbéyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló bu ọbẹ̀ sí àwo mi, ó ní, “Ìyá Onírùngbọ̀n, ẹ kọ́ mi lórin yẹn.” Mo kọ́ ọ, àyàfi ẹsẹ àpótí.

Nígbà tí mo jẹun tán, mo jáde lọ fọwọ́. Mo rí ewé kan ní ìlóro, wọ́n ṣẹ́ ẹ pọ̀ dáadáa. Mo tú u. Iwe adìyẹ ni! Iwe tó jẹ́ pé ọkùnrin ilé nìkan là ń gbé e fún lọ́dọ̀ wa, tí ẹnu mi kò kàn án rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́nì kankan. Ikọ́ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́yìn ògiri.

Mo jẹ ẹ́ níbẹ̀, lórí ìdúró, mo sì kọjú sí ewúrẹ́ Kalule tí wọ́n so mọ́lẹ̀. “Ewúrẹ́, bá mi sọ fún ẹni tó gbé e síbí pé ó dùn.”

Ẹ̀yìn ògiri dáhùn, “Ewúrẹ́, sọ fún Màmá pé Kampala náà ní fèrèsé.”

Ará Lusozi gba ọ̀nà Lusozi, àwa náà gba ọ̀nà ilé wa. Kò sí ikùn tí kò yó, kò sí ẹnu tí kò ní orin. Èmi àti Nantume wà níwájú, àna mi ń ti ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn níbi tí mi ò ti lè rí i, ó ń gbè mí lórin.