Bàbá Tully àti Afárá Onírin

Bí mo bá sọ pé n kì í tọpinpin, irọ́ ni mo pa. Ìyá mi máa ń ní bí wọ́n bá gbé ìkòkò mẹ́wàá kalẹ̀, èyí tí wọ́n ní kí n má ṣí ni màá kọ́kọ́ ṣí. Nítorí náà, nígbà tí Lyle Hatcher fà mí sí ẹ̀gbẹ́ dùrù láti sọ pé amí ọ̀tá ni Bàbá Tully, inú mi dùn díẹ̀, ojú sì tì mí pé inú mi dùn.

Ṣíkágò la wà, ogun sì ń jà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ la máa ń ṣe eré amí lórí rédíò. Èmi Verna ni obìnrin tó ń gbé iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ kiri, Bàbá Ambrose Tully sì ni ọ̀gá gbogbo amí, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń mú kí àwọn ọmọdé sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé iṣẹ́ kọfí kan ló ń gbọ́ bùkátà eré náà, Lyle ló sì ń polówó kọfí wọn láàárín. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń ṣe é lọ́jọ́ kan náà: àwọn ará ìlà-oòrùn á kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn, a ó sinmi díẹ̀, a ó tún un ṣe fún àwọn ará ìwọ̀-oòrùn tí aago wọn ń bọ̀ lẹ́yìn tiwa. A kì í gbà á sílẹ̀, ẹnu wa náà la tún fi ń ṣe é. Bí ti àkọ́kọ́ bá gùn jù, Orrin tó ń darí eré á fi pẹ́ńsù gé ọ̀rọ̀ kúrò kí a tó ṣe èkejì.

Ohun tí Lyle rí ni pé ọ̀rọ̀ Bàbá Tully nínú eré kejì kì í bá ti àkọ́kọ́ mu. Bó bá sọ pé “yìnyín ti bo ilẹ̀kùn” ní àkọ́kọ́, “yìnyín ti gba ẹnu ọ̀nà” ni yóò sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ bí ẹyọ kan tàbí méjì ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í ṣẹlẹ̀. Lyle bi mí pé ẹni tó di ìwé eré mú lọ́wọ́, kí ló dé tí kì í ka ohun tó wà nínú rẹ̀? Ó nawọ́ sí ìkìlọ̀ ìjọba tó wà lára ògiri, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi rédíò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nígbà ogun. Mo sọ fún un pé kọfí tó ń polówó ti kún inú ọpọlọ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ baba náà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ju gbogbo wa lọ, nítorí náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ṣáájú rẹ̀, mo sá pamọ́ sẹ́yìn dùrù. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó rìn lọ sídìí máíkì, ó fọwọ́ pa á lórí. Ó lọ sídìí tábìlì omi, ó fọwọ́ kàn án, ó lọ sí ibi tí a ń fi kóòtù kọ́, ó tún padà sídìí máíkì, ó wá dúró, ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Bó ṣe jáde ni mo rá wọ abẹ́ tábìlì láti wá ohun tó lẹ̀ mọ́bẹ̀. Ṣìngọ́ọ̀mù gbígbẹ ni ọwọ́ mi bà. Wọ́n kúkú ti sọ pé ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá yóò rí ìríkúrìí.

Ohun mìíràn tún wà. Bí iná pupa bá ti tàn tí eré ti bẹ̀rẹ̀, baba náà á fi ìka méjì di apá aṣọ mi mú, kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀ títí eré á fi parí. Mo ti gbá ọwọ́ ọkùnrin dànù nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, “Ọmọ mi, amí méjì kì í jìnnà síra wọn.” Lẹ́yìn eré àkọ́kọ́, á mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, á ra páì ápù fún mi, á ní kí n ka gbogbo ibi tí Orrin gé, tèmi àti tirẹ̀, sókè, kí òun lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo rò pé bí àwọn àgbà òṣèré ṣe ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó sì ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ amí, wọn yóò yẹgi fún un. Bí kì í bá ṣe amí, ó yẹ kí ẹnì kan lè sọ ohun tó jẹ́.

Lyle ní tirẹ̀ kò lè ní sùúrù. Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, aṣojú ilé iṣẹ́ kọfí, ẹni tó jẹ́ pé bó bá mi orí lásán, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ọmọ Pruitt wà lójú ogun, kò sì fi ọ̀rọ̀ amí ṣeré. Kí eré kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Lyle dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọ́n ti dẹ pàkúté. Orí afárá onírin ni ọ̀gá amí yóò ti ní kí n wá pàdé òun. Wọn yóò yí i padà sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí iná pupa bá kù díẹ̀ kó tàn. Bí baba náà bá ṣì pe afárá, a jẹ́ pé ẹnì kan ní ìta ń retí ọ̀rọ̀ náà, Pruitt yóò sì pe ọlọ́pàá ìjọba.

Bó ṣe wí ló rí. Orrin sáré wọlé, ó pín ojú ìwé tuntun fún wa láìsọ̀rọ̀, iná pupa sì tàn. Kò sí ẹni tó tún lè la ẹnu, àfi ohun tó bá jẹ́ eré.

A ń bá a lọ títí a fi dé ibẹ̀. Bàbá Tully rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Pàdé mi lórí afárá onírin.”

Lẹ́yìn gíláàsì, Pruitt dìde dúró. Mo yíjú wo ìwé tó wà lọ́wọ́ baba náà. Ó dorí kodò. Orí ìwé wà nísàlẹ̀, ìdí wà lókè, baba náà sì tẹjú mọ́ ọn láìyẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá tò níwájú mi: ìka méjì lára aṣọ mi, páì ápù, ọwọ́ tó ń fi kan tábìlì. Baba náà ò ríran. Ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ibi tó kàn, ẹni tó ń dá ariwo eré ti gbé agogo dání.

Mo sún mọ́ máíkì. Mo ní, “Afárá kẹ̀, ọ̀gá? Àwọn ṣọ́jà ti gba orí afárá láti àárọ̀. Ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ sọ?”

Ó dákẹ́. Lórí rédíò, ìdákẹ́ díẹ̀ gùn bí ọjọ́. Ìka rẹ̀ mú aṣọ mi le. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ bí ìkà ènìyàn. “Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ká ní o gbà láti bá mi lórí afárá, ǹ bá ti mọ̀ pé o ti dalẹ̀ mi, òkú rẹ ni wọn ì bá gbé níbẹ̀.”

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún.

Bí iná pupa ṣe kú, Pruitt wọlé, ojú rẹ̀ le, Lyle tẹ̀ lé e. Ó béèrè ẹni tó ní kí baba náà pe afárá. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, mo ti pa irọ́ mi. Mo ní èmi ni mo ṣèèṣì mú ojú ìwé tuntun méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ti àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ Bàbá Tully. Bí mo bá sọ òótọ́ pé kò ríran, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ baba náà. Pruitt wò mí títí. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nígbà tí wọ́n dárúkọ òkú, ó sì na ọwọ́ sí Bàbá Tully kí wọ́n jọ bọwọ́.

Ọwọ́ náà wà lófuurufú. Baba náà dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ibi tí ohùn Pruitt ti ń wá, ọwọ́ tirẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ gbá a lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Gbogbo wa ti rí i.

“Kí ló dé tí gbogbo yín dákẹ́?” ni Bàbá Tully béèrè.

Pruitt kò tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rọra béèrè pé láti ìgbà wo. Baba náà gbé orí sókè, ó ní láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìyàwó òun ló ń ka ìwé eré sí òun létí nílé tí òun fi ń há a sórí, kò sí ibòmíràn tí òun mọ̀ tí wọ́n ti lè gba ẹni tí kò ríran síṣẹ́, àfi ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń rí ẹnikẹ́ni.

Pruitt gbé ọwọ́ baba náà láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì dì í mú. “Ìyàwó mi máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ti sọ̀rọ̀, òun máa ń rí ojú yín kedere.”

“Ẹ bá mi kí i,” ni Bàbá Tully wí. “Ẹ ní ó sàn jù mí lọ. Èmi tí mo ni ojú yẹn ò rí i mọ́.”

Pruitt yíjú sí Orrin, ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ, ohunkóhun tí wọ́n bá gé, Verna ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún, kó lè kà á fún baba.