Ẹja Abilà Tí Mo Rà ní Kútọnu

Èmi Françoise ni mo ra ẹja náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ níhìn-ín, nítorí ní Issaba títí di òní, Arnaud àbúrò mi ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Ní ilé Ọdẹ́wálé ní Ita-Djèbou, ẹja ni wọ́n fi ń dán ọkọ wò. Apẹja ni bàbá ńlá wọn, òun ló fi àṣà náà sílẹ̀. Ìyàwó á kó ẹja àrọ̀ mẹ́ta tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sìn sínú abọ́ ńlá kan. Ọkọ á mú ẹyọ kan wá láti ilé tirẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí àárín wọn. Wọ́n á fi aṣọ bo abọ́ náà, gbogbo èèyàn á jókòó jẹun. Tí wọ́n bá jẹun tán, tí ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà láàyè, ìyàwó di ti ọkọ. Tí ọ̀kan bá kú, kí àlejò máa lọ sílé. Ẹja àrọ̀ kì í sì í kú bọ̀rọ̀, nítorí náà wọn ò tíì dá ẹnikẹ́ni padà rí.

Nígbà tí Arnaud fẹ́ gbé ìyàwó ní ilé náà, ẹja àrọ̀ ló fẹ́ lọ rà ní ọjà Pobè. Èmi ni mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ilé Ọdẹ́wálé ti wí lójú mi pé kí ni ará Issaba ní, bí kò ṣe ẹ̀gẹ́ àti ẹnu. Mo ní màá wá ohun tí yóò pa á lẹ́nu mọ́.

Gaël ló tà á fún mi, ọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní Kútọnu. Ẹja náà dúdú bí èédú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ìlà aláwọ̀ wúrà mẹ́fà sì gba ara rẹ̀ láti orí dé ìrù. Gaël bu omi òkun sí bídọ́ọ̀nù oníke kan, ó sì fi ẹja náà sínú rẹ̀ fún mi.

"Tántì, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ẹja mìíràn o," ló wí. "Bí ẹ̀rù bá bà á, awọ ara rẹ̀ á máa hó bí ọṣẹ. Oró ni. Ẹja tó bá wà nítòsí rẹ̀ á kú."

Mo gbọ́. Mo sì mọ ibi tí mò ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n mo wo ẹja tí kò tó nǹkan yìí, mo ní ẹnu àwọn oníṣòwò Kútọnu ti pọ̀ jù. N kò sọ fún Arnaud.

Nígbà tó ṣí bídọ́ọ̀nù ní ilé ìyàwó, ariwo sọ. Ìyá àgbà pàápàá na ọrùn wò ó. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Pẹ̀lúmi, ìyàwó, ti fi èérí àgbàdo bọ́ ẹja mẹ́ta tirẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ó rẹ́rìn-ín sí Arnaud.

"Ẹja tìẹ gbafẹ́ jù ẹ́ lọ o!"

Arnaud fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sínú abọ́. Wọ́n fi aṣọ bò ó, a jókòó ti oúnjẹ. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí omi ta pàì lábẹ́ aṣọ, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kò dún mọ́. Mo lè dìde nígbà yẹn. Mo bu ẹran kún ẹran.

Ọdẹ́wálé, bàbá ìyàwó, ló ká aṣọ kúrò. Ìfófòó ti bo ojú omi bí omi tí wọ́n fi fọṣọ. Ẹja àrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dojú ikùn sókè. Tiwa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì. Òun nìkan ló ṣẹ́kù.

Ìyá àgbà kò pariwo. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Ẹ máa lọ," ló wí fún Arnaud. "Ohun tí ọmọ wa fi oṣù mẹ́fà tọ́, ọwọ́ rẹ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó kú. N kò lè fi òun náà lé ọwọ́ yẹn."

Pẹ̀lúmi kúnlẹ̀ ti abọ́, ó ń ṣa ẹja rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìró tó sán. Kò gbójú sókè wò wá.

Lójú ọ̀nà, Arnaud béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó tà á fún yín kò sọ nǹkan kan?"

"Rárá," ni mo dáhùn. Ó yá lẹ́nu mi ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọdún kẹta rèé. Pẹ̀lúmi ti wà nílé ọkọ ní Sakété. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo gbé Delphine, ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo nà án sí Arnaud kí ó bá mi gbé e. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ má gbé e fún mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ mi ò dára."

Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń dáàbò bò mí. Mo la ẹnu. Lẹ́yìn náà mo fa ọmọ mi mọ́ àyà, mo sì jókòó.