Búrọ́ọ̀ṣì Ajá Nínú Ilé Tí Kò Lájá

"Ajá náà dà?"

Peter, aṣojú onílé, ló béèrè. Ó di búrọ́ọ̀ṣì méjì mú, irú èyí tó ní eyín irin wẹ́wẹ́ tí àwọn Òyìnbó fi ń ya irun ajá. Abẹ́ àga ló ti rí wọn níbi tó ti ń yẹ ilé wò, ohun funfun múlọ́múlọ́ sì há sí eyín wọn.

Adégbọlá wo búrọ́ọ̀ṣì, ó wo Peter. Láti ọdún mẹ́fà tó ti ń gbé ní Whalebone, nílùú Òyìnbó, ajá kankan kò wọ ilé rẹ̀ rí. "Mi ò lájá," ló wí. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Àbí Wúrà ọmọ rẹ̀ ti gbé ajá wọlé ni? Orí rẹ̀ dàrú.

"Àdéhùn wa ò gba ajá. Kí ló wà ní yàrá ẹ̀yìn yẹn?"

Ìgbà náà ló yé e. Màmá ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òwú ni wọ́n ràn ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n fi tọ́ ọmọ méje. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń ráhùn pé ọrun kékeré tí wọ́n fi ń gbọn òwú kí wọ́n tó ràn án kò bá àwọn wọ bàálù, Wúrà sì ní òun mọ ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ lọ́jà East Street. Àṣé búrọ́ọ̀ṣì ajá ni!

Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà ní àlejò kò gbọdọ̀ sùn ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Màmá ti lo oṣù mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ ajá, wọn yóò ní kó lé e. Bí ó bá jẹ́ èèyàn tó fi pamọ́, wọ́n lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ká sòótọ́, a lájá," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ mi ti mú un rìn jáde."

Peter fa ìwé yọ. "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Orúkọ ajá yòówù tó bá dá, Màmá ló ń fi pè. Ẹni tí òun dọ̀bálẹ̀ fún kí wọ́n tó fún òun níyàwó lòun ń pè lájá yìí. Ojú tì í.

Ó lọ ṣí yàrá ẹ̀yìn. Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìrànwú lọ́wọ́, òwú lára gèlè.

"Kò sí ajá," ó wí fún Peter. "Ìyá ìyàwó mi nìyí. Wọ́n ti lo oṣù mẹ́rin níbí. Orúkọ wọn ni kí o kọ."

"Kí ni orúkọ wọn?"

Wàhálà mìíràn dé. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti ń pè wọ́n ní Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ó rọra wí, "kí lorúkọ yín?"

Màmá ò wò ó. Peter ni wọ́n kọjú sí. "Beatrice," wọ́n wí, wọ́n sì pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Gẹ̀ẹ́sì tí Adégbọlá ò mọ̀ pé wọ́n gbọ́.

Peter kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní onílé ni yóò pinnu, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, ó sì lọ.

Màmá kó búrọ́ọ̀ṣì wọn. "Bàbá Wúrà, ajá yín tó rìn jáde ńkọ́? Ṣé ó ti dé?"

Adégbọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Mà. Kò sí ajá."

"Ẹ dìde." Wọ́n na búrọ́ọ̀ṣì kan sí i. "Bí wọn yóò bá tilẹ̀ lé wa, ẹ jẹ́ ká gbọn òwú tó kù tán ná."

Ó jókòó tì wọ́n, ó sì di búrọ́ọ̀ṣì náà mú.