Ọdún 1999 La Wà Níbí

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fìdí kan àga, ọdún mẹ́rìnlélógún la máa ń dá padà sẹ́yìn ní ọ́fíìsì wa. Ọwọ́ mi yìí ló ń ṣe é. Mo máa tan kọ̀ǹpútà, mo máa ṣí kàlẹ́ńdà inú rẹ̀, mo máa fà á padà sí ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1999, ìgbà yẹn ni sọ́fítíwìà tó ń tọ́jú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ máa tó gbà láti ṣí. Àṣẹ tí wọ́n fi tà á fún wa kò kọjá ọdún náà. Bó bá rí ọjọ́ òní gan-an, kò ní dá wa lóhùn.

Ọ̀gá wa ló kọ́ mi, ó sì ń pè é ní ọgbọ́n. Bàbá Dísìkì là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí dísìkì pẹlẹbẹ kan tí kì í kúrò nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ihò kan ní gbogbo ilé-iṣẹ́ omi yìí tí a tún lè kì í bọ̀. Èmi ni igbákejì rẹ̀. Ìyá Fáìlì ni wọ́n ń pè mí, lójú mi.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kú, wọ́n ra tuntun fún wa, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán. Inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí Bàbá Dísìkì fi mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, tí wọ́n yọ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà tó kú jáde, wọ́n sì tún gbé e wọ inú tuntun. Bí o bá tan án, ojú tuntun lo máa kọ́kọ́ rí; tó o bá tẹ ibì kan, fèrèsé eléérú kan á ṣí láàárín rẹ̀, á ní kí o dúró, ìwọ náà á sì dúró. Ẹni tó ra bàtà tuntun, tó wá gé èyí tó ti já sí wẹ́wẹ́ kì bọ inú rẹ̀, kí la fẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

“Ohun tó dára kì í gbó,” ló máa ń wí, á sì máa fọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dára tó. Gbogbo ẹni tí a gbà síṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 1999, sọ́fítíwìà náà kò gbà pé wọ́n ti dé, torí lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa dé kò tíì pé. Inú ìwé aláwọ̀ búlúù kan la ń fi bírò kọ tiwọn sí. Dẹ́rẹ́bà tó ń gbé máníjà kiri, ẹ̀rọ ní wọn ò tíì bí i. Ọkùnrin náà ní ìyàwó, ó sì dá irùngbọ̀n sí.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù ni ìwé tí ẹ̀rọ náà máa ń tẹ̀ jáde lóṣù kìíní: orúkọ àwọn tó yẹ kó fẹ̀yìn tì. Òfin ilé-iṣẹ́ ni pé ẹni tó bá pé ọgọ́ta ọdún láyé, tàbí ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kó máa lọ sílé. Lọ́dọọdún, òfìfo ni ìwé náà ń jáde. Bàbá Dísìkì á kọ “Kò sí” sí i, á bu ọwọ́ lù ú, á gbé e lọ sókè. Àwọn tí iṣẹ́ ti sú fúnra wọn ń kọ̀wé lọ. Àwọn tó kù jókòó pẹ̀sẹ̀. Ta ló fẹ́ pariwo?

Èmi ni. Ipò rẹ̀ ló kàn mí. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń jókòó sídìí tábìlì tó kọjú sí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí òun jókòó síbi fèrèsé. Mo fẹ́ àga yẹn, mi ò ní purọ́. Mo tilẹ̀ ti ra tìmùtìmù tí mo máa fi lé e lórí. Ó wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì mi.

Lọ́jọ́ kan ni ó mú káàdì kan wá tí ọmọ ọmọ rẹ̀ yà fún un, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọmọ náà ti fi pẹ́ńsùlù pupa kọ ọ́ gàdàgbà: “Bàbá Àgbà pé 67.” Mo wo káàdì, mo wo ẹ̀rọ. Lójú ẹ̀rọ, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni ọkùnrin yìí. Àṣé ohun tó fi ń pa á lórí nìyẹn! Ó fẹ́ràn àga ju òótọ́ lọ, ó wá fi gbogbo wa há sínú ọdún 1999.

Mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi. Olùkọ́ ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má ka iye inú rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́.

“Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ náà ńkọ́? Ó ku mélòó?”

“Mo ṣì ní ọdún mẹ́rin gbáko kí n tó pé ọgọ́ta. Ti iṣẹ́ kò sì tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ.”

“Ṣé o ka ìgbà tó o ṣì ń bá wọn tẹ̀wé, tí wọn ò tíì fún ẹ níwèé iṣẹ́?”

Mo pòṣé. “Bàbá àwọn ọmọ, ta ló ń ka ìyẹn?”

Ó yí kọ́là ẹ̀wù náà padà, ó ń lọ ọ́ nìṣó.

Mo kọ̀wé sí máníjà, ẹni tí kò tíì lò ju oṣù méje lọ lọ́dọ̀ wa. Ó pe obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, pé kó wá kó orúkọ wa sínú sọ́fítíwìà tuntun tó ń lo ọjọ́ òní. Èmi ni mo bẹ máníjà pé kí wọ́n ṣe é ní gbàgede ìpàdé, kí wọ́n tan án sára ògiri, kí gbogbo ẹ̀ka wá wò ó. Mo fẹ́ kójú tì í níṣojú gbogbo ayé.

“Ìyá Fáìlì,” Bàbá Dísìkì sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, “o ò mọ nǹkan tó ò ń ṣe. Fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀.”

“Ẹ má bínú sà. Ẹ̀rọ ti fẹ́ gbàgbé ọjọ́ orí yín ni, òní ló máa rántí ẹ̀.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo jókòó síwájú, mo fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ẹnjiníà kó orúkọ wa kọjá, ó tẹ bọ́tìnnì kan, orúkọ àwọn tó yẹ kó fẹ̀yìn tì sì yọ sára ògiri, èèyàn mọ́kànlá. Orúkọ Bàbá Dísìkì ló ṣíwájú: ó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ lọ́dún méje. Ariwo sọ. Mo yíjú wo bójú rẹ̀ ṣe rí. Kò wo ògiri rárá, èmi ló ń wò.

Ìgbà yẹn ni mo ka ìlà kejì. Èmi ni. Ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́.

“Irọ́ ni!” Mo ti dìde. “Ọdún 1993 ni wọ́n fún mi níwèé!”

“Mà, ọdún 1987 ló wà níbí,” ni Ẹnjiníà wí. “Orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sì wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ni.”

Mo rántí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún èmi àti akọ̀wé kan níwèé iṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kó bá mi dọ́gba. Nígbà tí wọ́n ní kí n kó orúkọ gbogbo wa sínú ẹ̀rọ, mo kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ síwájú orúkọ mi, kí n lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Akọ̀wé náà ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti ìgbà láéláé. Mo ti gbàgbé pátápátá.

Máníjà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn pé mo ṣe ohun tó tọ́. Bàbá Dísìkì tẹ̀ sétí mi.

“Lọ́dún tó kọjá ni tìrẹ pé. Mo rí i, mo dákẹ́. Ṣé torí tèmi nìkan lo rò pé mo ṣe ní kó o máa fa ọdún padà ni?”

Inú bí mi sí i, inú tún bí mi sí ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n tú ká, mo bá Ẹnjiníà lọ sí ọ́fíìsì wa láti lọ pa sọ́fítíwìà àtijọ́ náà rẹ́. Fèrèsé eléérú náà ṣì wà ní ṣíṣí, bí mo ṣe ṣí i láàárọ̀: ọjọ́ kejì oṣù kìíní, ọdún 1999. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí níbẹ̀.

“Mà, ṣé kí n pa á rẹ́?”

Mo fa tìmùtìmù yọ lábẹ́ tábìlì, mo gbé e mọ́ àyà.

“Dúró ná,” mo ní. “Jọ̀ọ́, dúró ná.”