Kásẹ́ẹ̀tì Tuntun ní Apòmù

"Ìyá Bọ́lánlé, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ eléyìí ná. Àná ló wọlé."

Olúsànyà ti ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ rédíò kí Jemima tó ráyè jókòó. Ṣọ́ọ̀bù Olúsànyà yìí ní Apòmù ni Jemima àti Rótìmí, ọkọ rẹ̀, máa ń yà sí ní Sátidé gbogbo, láti wá orin tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ onígìtá fowó ara wọn ṣe: rọ́ọ̀kì, pọ́ọ̀pù, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Rótìmí ti kú, oṣù kẹsàn-án rèé. Jemima nìkan ló ń wọkọ̀ wá láti Ìkirè báyìí. Lójú rẹ̀, bí òun bá ṣì ń wá orin tuntun, ọkùnrin náà kò tíì lọ tán.

Gìtá dún. Ẹnì kan gbé orin.

Rótìmí ni.

Ó gbé páálí kásẹ́ẹ̀tì náà sójú. Adépọ̀jù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló wà nínú àwòrán, ó fi gìtá Rótìmí kọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń kọrin yìí, Bọ̀dá Sànyà?"

"Àbí ẹ ò dá àbúrò ọkọ yín mọ̀ mọ́ ni?"

Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin Rótìmí ni Adépọ̀jù wá. Ó gbé gìtá, ó gbé àpótí kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ohùn ara rẹ̀ sí nínú yàrá. Orí ẹní ni Jemima wà, nínú aṣọ dúdú. Àwọn ìyá ilé ti kìlọ̀ fún un pé opó kì í gbóhùn sókè kí ogójì ọjọ́ tó pé, kí òkú má baà bojú wẹ̀yìn. Ó ń wò ó títí ó fi jáde.

"Rótìmí ló ń kọrin," Jemima wí.

Olúsànyà ń nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Etí mi ò kúkú di. Ọdún méje ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ti opó kó fi ti ọmọ onílé sílẹ̀? Ẹ ní ẹ̀rí?"

"Mo ní. Ẹ yí i sí ojú kejì. Nínú orin kẹta, mo pè é kó wá jẹun. Orúkọ rẹ̀ ni mo pè, ó sì wọ inú kásẹ́ẹ̀tì."

Àwọn ọmọbìnrin méjì nínú aṣọ iléèwé wọlé. "Bọ̀dá, ti Adépọ̀jù yẹn dà? Àbí ẹ ti tọ́jú ẹ̀ fún àfẹ́sọ́nà yín?"

"Ẹ̀yin yìí, ìwé ni wọ́n ní kí ẹ wá kà ní Apòmù o. Ẹ ní sùúrù."

Inú Jemima dùn pé wọ́n wọlé. Kí etí pọ̀ níbẹ̀.

Orin kẹta bẹ̀rẹ̀. Gìtá rọlẹ̀. Jemima na ìka sókè: ibẹ̀ nìyí.

Ohùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti pa á rẹ́. Kìkì ṣìì kásẹ́ẹ̀tì tó ń yí ló kù. Lẹ́yìn náà, Rótìmí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́. Mò ń bọ̀ báyìí."

Gìtá tún bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló ń dá lóhùn?" ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bèèrè.

"Ara orin ni," Olúsànyà dáhùn. Kò wo Jemima. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì méjì wálẹ̀ láti orí pẹpẹ fún wọn.

Jemima la ẹnu, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ti ń bá Adépọ̀jù gbe orin.